Ọfà gba òkè ẹ̀yìn àgbọ̀nrín kọjá: kí ló yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó fọwọ́ kan ọrun?

Alápó Maryland

Ẹ kú àsìkò ọdẹ o, ẹ̀yin ará. Níhìn-ín ní Maryland, àsìkò ọdẹ ọlọ́fà bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, yóò sì máa bá a lọ títí di ìparí oṣù Kìn-ín-ní, nítorí náà ààyè ṣì wà láti tún ohun tó bá wọ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ àbúrò ìyàwó mi ni mo gbé wá. Èmi ni mò ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí, mo sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ kí n tó kọ ọ́ síbí. Òun fúnra rẹ̀ yóò máa ka ìdáhùn yín.

Orí ẹ̀gùn ló wà, lórí àga irin tí a so mọ́ igi ní ẹsẹ̀ bàtà 18 sí ilẹ̀. Abo àgbọ̀nrín kan tó ti dàgbà ń gba ẹ̀bá oko àgbàdo kọjá lọ, kò sì dúró. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn jíjìn sọ fún un pé yáàdì 28 ni. Ó fa ọrun, ó fi ẹnu ké “mẹ̀ẹ̀” kí ẹran náà lè dúró. Ẹran dúró lóòótọ́, ó gbé orí sókè, ó sì kọjú sí ibi tí ohùn ti wá. Àbúrò wa gbé píìnì 30, ìyẹn àmì ojú ọrun tí a fi ń fojú sun ohun tó wà ní yáàdì 30, lé àárín àyà ẹran náà, ó tú ọsán sílẹ̀, ọfà sì gba òkè ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Inú ilẹ̀ la ti fa ọfà náà yọ, ó mọ́ tónítóní.

Ìtàsé yẹn kọ́ ló mú mi kọ̀wé, nítorí kò sí ọlọ́fà tí kì í tàsé. Ohun tó ń dùn mí ni pé kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó ti sún gbogbo píìnì ojú ọrun rẹ̀ sókè, nítorí pé òkè ni ọfà gbà. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọrun rẹ̀ nígbà tí kò tíì mọ ohun tó fa ìtàsé. Bí ó bá jẹ́ pé ara ẹran ni ó ti wá, ọrun tó ń ta dáadáa la fi ọwọ́ ara wa bà jẹ́ yẹn. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, kí lẹ kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, kí ló sì ń tẹ̀ lé e?

Ìyá Ọdẹ Texas

Ẹ kú iṣẹ́, Alápó. Kí a tó dárúkọ ọrun rárá, mo fẹ́ kí ó dá wa lójú pé ọfà náà tàsé. Ẹ ní ó mọ́ tónítóní. Ṣé ẹ nù ún ni, àbí ojú lásán lẹ fi wò ó? Ojú ẹni tó wà lórí igi máa ń tàn án jẹ, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, nítorí pé àyà ń já, ọfà sì yá ju ohun tí ojú lè tẹ̀ lé.

Aṣọ funfun ni kí ẹ fi nu ọfà láti orí títí dé ìyẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa fòò tó ń hó díẹ̀díẹ̀ ń sọ pé ẹ̀dọ̀fóró ni ọfà gbà; ẹ̀jẹ̀ tó dúdú ń tọ́ka sí ẹ̀dọ̀; bí ẹ bá rí ohun aláwọ̀ ewé tó ń rùn, inú agbẹ̀du ló gbà, ẹran bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ìsinmi ọ̀pọ̀ wákàtí kí ẹ tó tọpa rẹ̀. Ọ̀rá tàbí irun díẹ̀ lára ọfà lè jẹ́ pé ó ha ẹ̀yìn ẹran kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọ̀nà tí ẹran sá gbà, kí ẹ má ṣe dúró níbi tí ojú yín pin sí. Ẹ má sì gbára lé ìrù funfun tó nà sókè bí ó ti ń sá lọ, nítorí mo ti rí èyí tó na ìrù bẹ́ẹ̀ tí ọfà sì ti gba àyà rẹ̀ já.

Ẹ dákun, ẹ má ka ìbéèrè mi sí àríwísí. Ẹran tí a ṣe léṣe, tí a wá pè ní ìtàsé nítorí pé a kò wá a dé ibi tó yẹ, yóò kú sínú ìrora níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ ẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Alápó Maryland

Ẹ ṣeun, Ìyá. A nù ún pẹ̀lú bébà funfun, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọ̀rá, kò sí irun. A tọpa ẹsẹ̀ rẹ̀ gba inú àgbàdo títí dé odò kékeré tó wà lẹ́yìn oko, a sì tún padà lọ ní òwúrọ̀. Ó tàsé.

Ará Georgia

Lójú tèmi, ẹ̀gùn ló fà á. Ẹni tó bá ta ọfà láti òkè sí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé jíjìn tí ojú rí, nítorí pé ibi tí ilẹ̀ gùn dé láti ìdí igi sí ẹsẹ̀ ẹran ni ọfà ń kà, ìyẹn sì máa ń kéré sí èyí tí ẹ̀rọ wọ̀n láti orí igi. Ẹ fi píìnì tó jìn ju bó ti yẹ lọ ta á, ọfà sì gba òkè. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun igi.

Olùkọ́ Ìṣirò

Òótọ́ wà nínú ohun tí Ará Georgia sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ kí a mọ bó ti pọ̀ tó. Ẹsẹ̀ bàtà 18 jẹ́ yáàdì 6. Bí ó bá jẹ́ yáàdì 28 láti orí igi, jíjìn tó wà ní ilẹ̀ yóò jẹ́ yáàdì 27 àti díẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kò pé yáàdì kan. Ó dìgbà tí igi bá ga gan-an tàbí tí òkè bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó lágbára.

Píìnì ni kí a wá wò. Mo gbà pé ọrun rẹ̀ ń ju ọfà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 270 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó wọ́pọ̀ fún ọrun oníróòlà òde òní, irú èyí tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré ní orí méjèèjì tí ọsán ń gbà. Ẹni tó fi píìnì 30 ta ohun tó wà ní yáàdì 28, kódà bí a bá ka ti gíga igi mọ́ ọn, ọfà rẹ̀ yóò gba òkè ibi tó fojú sùn pẹ̀lú ohun tí kò tó ínṣì 2. Àyà àgbọ̀nrín tó dàgbà jìn tó ínṣì 15 láti ẹ̀yìn dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó fojú sun àárín rẹ̀ ṣì ní ínṣì 7 kí ọfà tó lè kọjá lókè ẹ̀yìn. Nítorí náà gíga igi àti píìnì pọ̀ kò lè ṣàlàyé ìtàsé yìí. Ínṣì 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì kù tí a kò tíì rí ẹni tó ni ín.

Bí ó bá jẹ́ pé píìnì 40 ló ṣèèṣì gbé lé e ni, ìyẹn yóò yàtọ̀: ní yáàdì 30, píìnì 40 lè gbé ọfà ga ju ibi àfojúsùn lọ tó ínṣì 6 tàbí 7. Ṣé ó dá a lójú pé píìnì 30 ni?

Ará Georgia

Mo gbà fún ìṣirò yín, Olùkọ́. Síbẹ̀ ẹ̀gùn ṣì lè jẹ̀bi ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó wà lókè tó bá sọ apá nìkan kalẹ̀ láti bá ẹran mu, dípò kó tẹ̀ láti ìbàdí, ojú rẹ̀ kò ní bá òrùka kékeré tó wà láàárín ọsán mu mọ́ bó ti máa ń bá a mu nílẹ̀, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò sì yí padà. Ohun tí ń gbé ọfà lọ sókè nìyẹn, ìṣirò jíjìn kò sì lè fi í hàn. Ẹ ní kó kọ́kọ́ fa ọrun bí ẹni tó fẹ́ ta ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, kó wá tẹ̀ síwájú láti ìbàdí títí píìnì yóò fi bọ́ sórí ẹran. Bẹ́líìtì ààbò gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ kó tó dán èyí wò o.

Onísọ́ọ̀bù Ọrun

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé iṣẹ́ wa kún un. Orí ọfà wo ló fi ń dánra wò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi orí ṣóńṣó ta àpò ìdánrawò láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á wá ku ọjọ́ kan kí àsìkò ọdẹ wọlé kí wọ́n tó de orí alábẹ mọ́ ọfà. Abẹ orí ọfà máa ń gba afẹ́fẹ́ bí ìyẹ́. Bí a kò bá tún ọrun ṣe dáadáa kó máa ta tààrà, orí alábẹ yóò fi í hàn, ọfà á sì yà kúrò níbi tí orí ṣóńṣó ń bọ́ sí.

Ọ̀nà tí mo fi ń yanjú irú àríyànjiyàn yìí ní sọ́ọ̀bù rọrùn. Kí ó dá píìnì padà síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Àmì rẹ̀ yóò ṣì wà lára irin. Kí ó gun igi yẹn, kí a gbé àpò ìdánrawò sí ibi tí ẹran dúró sí, kí ó fi orí alábẹ ta á pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ọfà bá bọ́ síbi tó fojú sùn, ọrun, orí ọfà, igi àti ìdúró rẹ̀ ti bọ́ nínú ẹjọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá gba òkè, a mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀ràn wà, a ó wá máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àbúrò Alápó

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Èmi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi. Mo ṣe ohun tí Onísọ́ọ̀bù ní kí n ṣe ní àná, ẹ̀gbọ́n mi sì dúró tì mí. Mo dá píìnì padà, mo ta ọfà mẹ́ta láti orí igi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bọ́ sí ibi tí awo ìjẹun kékeré lè bò. Píìnì 30 ni mo lò lọ́jọ́ náà, ó dá mi lójú, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti 40.

Ohun mìíràn tún wà tí n kò rántí sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Kámẹ́rà kékeré kan wà lára igi tí mo tàn kí ẹran tó dé. Mo wò ó lẹ́sẹẹsẹ ní alẹ́ àná. Ìtì igi kan tó ti wó wà lẹ́yìn ibi tí ẹran náà dúró sí. Nígbà tí ọsán fi dún, ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ wà lókè ìtì náà, mo sì rí àgbàdo láàárín wọn. Nígbà tí ọfà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ikùn rẹ̀ ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìtì, orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀, ọfà sì gba ibi tí àyà rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ kọjá.

Olùkọ́ Ìṣirò

A ti rí ẹni tó ni ínṣì wa nìyẹn. Ẹ wo bí ó ti ṣeé ṣe. Ìró ń rìn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,125 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó yá ju ọfà yín lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Yáàdì 28 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 84. Ìró ọsán dé etí ẹran náà ní ìṣẹ́jú àáyá 0.07, ọfà kò sì dé títí di 0.31. Ẹran náà ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan fún ara rẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹran mọ̀ pé ọfà ń bọ̀, tó wá ń yẹra fún un. Sísá ló fẹ́ sá, kò sì lè fò láìkọ́kọ́ tẹ orúnkún kó lè rí agbára ta ilẹ̀. Bí ó bá ti tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, ara rẹ̀ ń já bọ́ bí òkúta tí a jù sílẹ̀ ṣe ń já bọ́: ní ìṣẹ́jú àáyá 0.15, ínṣì 4, ní 0.2, ó ti lé ní ínṣì 7. Ẹ fi ínṣì tó kù díẹ̀ kó pé 2 tó jẹ́ ti píìnì kún un, ọfà ti kọjá lókè ẹ̀yìn.

Ẹ wá wo yáàdì 18. Ọfà dé ní ìṣẹ́jú àáyá 0.2, ìró dé ní 0.05. Ààyè tó kù fún ẹran jẹ́ 0.15 péré, a sì gbọ́dọ̀ yọ àkókò tí etí fi ń gbọ́ tí ẹsẹ̀ fi ń dáhùn kúrò nínú rẹ̀. Yáàdì 10 tí a dín kù ṣe ju ohun tí ọrun olówó iyebíye lè ṣe lọ.

Onísọ́ọ̀bù Ọrun

Inú mi dùn pé Olùkọ́ sọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrun ni mò ń tà. Láti ìgbà tí Holless Wilbur Allen ti ìpínlẹ̀ Missouri ti gba ìwé àṣẹ fún ọrun oníróòlà ní 1969, ìyára ọfà ni gbogbo ènìyàn ń lépa. Kò tíì sí ọrun tó sún mọ́ ìyára ìró. Rọ́bà tí ń pa ariwo ọsán wúlò, ọfà tó wúwo díẹ̀ sì ń mú kí ọrun dákẹ́ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ẹran tó ti ń ṣọ́ra tẹ́lẹ̀ yóò gbọ́ èyí tó kù.

Ìyá Ọdẹ Texas

Ibi tí mo ń dúró dè kí a dé nìyí. Ta ló mú kí ẹran náà máa ṣọ́ra? “Mẹ̀ẹ̀” yẹn ni. Abo àgbọ̀nrín tó ń rìn lọ jẹ́ẹ́ lẹ sọ di èyí tó gbé orí, tó na etí síwájú, tí gbogbo iṣan ara rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà lẹ wá tú ọsán sílẹ̀ ní yáàdì 28. Èmi kì í ké sí ẹran mọ́ bí ó bá ti ju yáàdì 20 lọ. Bí kò bá dúró fúnra rẹ̀, kó máa lọ.

Ẹni tó bá mọ àgbọ̀nrín yóò mọ èyí tí ara rẹ̀ balẹ̀: orí wà nílẹ̀, ó ń jẹun, etí ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìrù ń mì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bó ti ń gbé ẹsẹ̀ lọ. Èyí tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú lu ilẹ̀ tàbí tó ń gbé orí sókè sódò lójijì ti fura. Ní Texas níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ ń dẹ ìdí ẹ̀rọ tí ń da àgbàdo, ibẹ̀ gan-an ni àgbọ̀nrín ti máa ń fura jù.

Ará Georgia

Mo bá Ìyá rìn dé ìdajì ọ̀nà. Bí a kò bá dá ẹran dúró ńkọ́? Olùkọ́, ẹ bá mi ṣírò ẹran tó ń rìn.

Olùkọ́ Ìṣirò

Bí ó bá ń rìn ní máìlì 3 ní wákàtí kan, tó jẹ́ ìrìn ẹsẹ̀ lásán, ní yáàdì 15 péré yóò ti sún síwájú ní ínṣì 9 kí ọfà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ará Georgia

Ẹ rí i. Ínṣì 9 lè gbé ọfà kúrò ní ẹ̀dọ̀fóró lọ sí agbẹ̀du, ohun tí Ìyá fúnra rẹ̀ sọ pé ó burú ju ìtàsé lọ nìyẹn. Ìdí tí èmi fi ń ké sí wọn nìyẹn, ṣùgbọ́n mo ń ké jẹ́ẹ́, ní ohùn tí ẹran kàn máa fi dúró gbọ́, ọrun sì ti gbọ́dọ̀ wà ní fífà, píìnì sì ti wà níbi tí mo fẹ́ kó wà. Mo ń fojú sun ìdá mẹ́ta ìsàlẹ̀ àyà, ní òkè ìgúnpá rẹ̀. Bí kò bá mira, ọkàn ló gbà. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló gbà.

Ìyá Ọdẹ Texas

Ìdá mẹ́ta ìsàlẹ̀ yẹn, mo gbà á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ náà lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá máa fojú sun ibi tí kò sí ẹran ní ìrètí pé ẹran yóò bọ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í mira rárá, ọfà á sì gé wọn lẹ́sẹ̀. Ní ti kíké sí ẹran tó jìnnà tó 28, n kò ní gbà títí láé.

Ọmọ Kétu

Ẹ kú àpérò. Ìbọn ni àwọn ọdẹ tiwa ń gbé nísinsin yìí, ṣùgbọ́n Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tí a ń bọ ní Kétu láyé àtijọ́, tí wọ́n sì gbé orúkọ rẹ̀ dé Brazil, ọdẹ ọlọ́fà kan ṣoṣo ni wọ́n ń kì í níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó ní ọfà kan ṣoṣo lápò kì í tú u sílẹ̀ nítorí pé ẹran wà níbi tí ọfà lè dé. Mo fẹ́ kí àbúrò wa bi ara rẹ̀ léèrè: bí ó bá jẹ́ ọfà kan ṣoṣo ló kù ọ́, ṣé wàá ta á sí ẹran tó ti gbé orí wò ọ́?

Ohun kan tún wà. Ní California, ní 1911, Ishi, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Yahi, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, jáde wá láti inú igbó, dókítà Saxton Pope sì kọ́ iṣẹ́ ọrun lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun náà ń fi ẹnu dún sí ẹran: ó ń fi ètè dún bí ọmọ ehoro tó wà nínú ìdààmú. Kí ẹran lè sún mọ́ ọn ló ṣe ń dún. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìró tí a fi ń dá ẹran dúró níbi tó jìnnà.

Àbúrò Alápó

Ẹ ṣeun, Bàbá. Bí ó bá jẹ́ ọfà kan ṣoṣo ni, n kò ní ta á. Ibi tí mo gbà láti fi parí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi ni pé n kò ní ta ohun tó bá ju yáàdì 20 lọ títí àsìkò yìí yóò fi parí, n kò sì ní ta èyí tó bá ti gbé orí wò mí, ìbáà sún mọ́ mi. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n padà sórí igi kan náà?

Ìyá Ọdẹ Texas

Má tíì padà síbẹ̀, ọmọ mi. Abo tó dàgbà ló máa ń ṣáájú àwọn yòókù, yóò sì máa gbójú sókè wo igi yẹn ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá. Wá igi mìíràn tó sún mọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn wá sí ọ̀dọ̀ rẹ. Ọ̀sán gangan ni kí o gbé àga rẹ lọ, kí o sì gé àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tó wà lójú ọ̀nà ọfà, ní ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ilẹ̀.

Onísọ́ọ̀bù Ọrun

Kí o tó gùn ún, pààrọ̀ abẹ orí ọfà tó wọlẹ̀ yẹn, nítorí yẹ̀pẹ̀ ti mú kó kú. Fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ọ̀pá ọfà náà díẹ̀ pẹ̀lú, kí o sì gbọ́ bóyá ó ń ha. Èyí tó bá ha ti là nínú, má fi í sórí ọsán mọ́. Ó lè fọ́ sí ọ lọ́wọ́ nígbà tí o bá tú u sílẹ̀.